Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, Wo Àtẹ́lẹwọ́ Mi

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé Màámi ń jẹun dáadáa? Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ọ, nítorí ẹ̀rín rẹ. O ní o rí fọ́tò mi níbi ìgbéyàwó ọmọ Ìyá Dípọ̀, pé ìlú òyìnbó tó ń sọ ọmọ ẹlòmíràn di apọ́nbéporé ni èmi wà tí mo fi dúdú bí ìdí ìkòkò. O tún ní mo rù débi pé orúkọ rẹ ni mo fẹ́ gbà mọ́ ọ lọ́wọ́. Fọkàn balẹ̀, mi ò gba orúkọ ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀bọ̀tọ̀ ni mí, mo sì ti ń padà sípò mi díẹ̀díẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n mú bírò ni gbólóhùn tí o sọ kẹ́yìn, tí o sọ ọ́ bí ẹni pé kò jẹ́ nǹkan: pé dókítà ti fún Bùnmi yín ní oògùn táírọ́ìdì, àmọ́ ńṣe ni ó tún ń rẹ̀ ẹ́ sí i. Ọ̀rọ̀ yẹn kò ṣeé fi fóònù sọ. Mo ní kí n jókòó kọ ọ́ bí a ti ń kọ̀wé síra wa nígbà tí o wà ní Ìlọrin tí mo wà ní Abẹ́òkúta, tí owó sítáǹbù ń jẹ owó oúnjẹ wa. Òjò ń rọ̀, Bàbá Táyé ti lọ síbi iṣẹ́, mo sì ti po tíì síwájú. Lọ po tìrẹ wá. Mo mọ̀ pé mílíìkì inú tìrẹ á pọ̀ ju tíì lọ.

Ẹ̀yìn Kérésì èṣí ló bẹ̀rẹ̀. Àárẹ̀ ni. Kì í ṣe àárẹ̀ tí èèyàn á sùn tí yóò lọ o. Màá jí láàárọ̀ bí ẹni tó ru sìmẹ́ǹtì mọ́jú. O sì mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe, ìtọ́jú àwọn arúgbó, gbé wọn dìde, gbé wọn jókòó. Màmá òyìnbó kan tó ti lé ní 90 ọdún wò mí lọ́jọ́ kan, wọ́n ní nínú àwa méjèèjì, ta ló ń tọ́jú ta? Otútù ń mú mi kọjá bó ṣe yẹ, ìgbẹ́ kò yà bọ̀rọ̀, awọ ara mi gbẹ. Mo lọ bá dókítà àdúgbò, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n ní táírọ́ìdì mi kò ṣiṣẹ́ mọ́. Nǹkan kékeré tó rí bíi labalábá níwájú ọ̀fun ni, ibi tí gẹ̀gẹ̀ ti máa ń yọ. Èmi ò sì ní gẹ̀gẹ̀ kankan, ọrùn mi ń dán. Wọ́n ní àwọn ọmọ ogun inú ara mi ló kọjú ìjà sí i. Ìyẹn ni pé mẹ́gáàdì tí a gbà kó máa lé olè, òun ló já ilẹ̀kùn yàrá onílé. Dókítà ará Japan kan, Hakaru Hashimoto, ló kọ́kọ́ kọ̀wé nípa irú rẹ̀ ní 1912, lára obìnrin mẹ́rin, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ṣì fi ń pè é títí dòní. Mo sọ fún Bàbá Táyé pé kó wá wo ìyàwó rẹ̀, èmi tí mi ò dé Japan rí, àìsàn ibẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ mi.

Wọ́n fún mi lóògùn, hóró kan láàárọ̀, omi lásán ni kí n fi gbé e mì kí n tó fẹnu kan nǹkankan. Wọ́n ní láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ màá bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀ sípò. Inú mi dùn. Mo ti ń wo bàtà tí màá wọ̀ sí òde Ìyá Dípọ̀.

Ọ̀rẹ́ mi, nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, mo ti di aláìsàn gidi. Èébì. Inú rírun. Tí mo bá dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, yàrá á yí po. Ẹni tí táírọ́ìdì rẹ̀ bá kọṣẹ́, sísanra ló máa ń sanra, àmọ́ èmi, síkẹ́ẹ̀tì ń bọ́ nídìí mi. Iyọ̀ wá ńkọ́? Iyọ̀ di oúnjẹ. Mò ń bu iyọ̀ lé dòdò bí ẹni ń bu gàárì. Àjẹkù omi tí wọ́n rẹ ólíìfù sí nínú ìgò, mo gbé e mu tán. Ní aago méjì òru ọjọ́ kan, Táyé bá mi nínú kíṣìnnì, mo ń lá mágí bí ọmọdé tó ń lá súìtì. Kò sọ̀rọ̀. Ó kàn pa iná, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ padà. Bàbá rẹ̀ ní ṣé kì í ṣe pé oyún ni, mo ní ṣé Sárà ìyàwó Ábúráhámù ni òun fi mí pè, èmi ẹni ọdún 47?

Àwọn ìyá ìjọ wá, wọ́n ní ayé ni, kí a gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta láìmu omi. Èmi náà, pẹ̀lú ara yẹn, mo bá wọn gbà á! (O lè rẹ́rìn-ín, mo ti dárí jì ọ́.) Ọjọ́ kejì ni mo ṣubú sí ilé ìwẹ̀.

Ańbúláǹsì ló gbé mi. Wọ́n wọn ìfúnpá mi, 78 lórí 40. Iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ ti lọ sílẹ̀, pọtásíọ̀mù ti ga, ṣúgà náà ti já wálẹ̀. Wọ́n ní bóyá oúnjẹ ló ṣe mí. A wà níbẹ̀ títí di nǹkan bí aago mẹ́ta òru kí dókítà obìnrin kan tó dé, ọmọ kékeré kan báyìí, àwọn òbí rẹ̀ wá láti Íńdíà. Kò kọ́kọ́ wo ìwé. Ọwọ́ mi ló mú, ó là á sábẹ́ iná, ó ń wo ìlà àtẹ́lẹwọ́ mi bíi babaláwo. Ó ní kí n ya ẹnu, ó wo èrìgì mi. Ó wá kọjú sí Bàbá Táyé, ó ní ṣé bí mo ṣe dúdú tẹ́lẹ̀ nìyí?

O mọ ọkọ mi. Ó ti fẹ́ gbé ìjà dìde, ó rò pé wọ́n ń bú wa ni. Ọmọ náà ní ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fi fọ́tò wọn àtijọ́ hàn mí. Ó bá wá èyí tí mo yà lọ́jọ́ ìbí mi lọ́dún méjì ṣáájú, tí mo wé gèlè aláwọ̀ ewé, ó gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú mi. Kẹ́kẹ́ pa mọ́ gbogbo wọn lẹ́nu. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, èmi tí mò ń wo dígí lójoojúmọ́, mi ò rí i. Mo rò pé ìpara tí mo yí padà ni. Àtẹ́lẹwọ́ mi tí mo wá ń wò lábẹ́ iná yẹn, gbogbo ìlà inú rẹ̀ ló dúdú, oríkèé ìka dúdú, ojú àpá tí mo ní níbi tí mo ti ṣubú lórí kẹ̀kẹ́ bọ̀dá yín dúdú. Ọwọ́ Màámi ni mo rántí, nígbà tí wọ́n bá ti ìdí ìkòkò aró bọ̀ ní Ìtòkú l'Abẹ́òkúta, tí wọ́n á máa ṣí ẹ̀kọ fún wa, tí ìwọ á ní o ò jẹ, pé aró wà nínú ẹ̀kọ.

Gbọ́ èyí. Dókítà náà ń dárúkọ ibi tó rò pé ó bàjẹ́ lára mi, ádírẹ́nà. Èmi tí mo ti ń lọ tí mo ń bọ̀, àdìrẹ ni mo gbọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni o, àdìrẹ, ìyá ọ̀rẹ́ mi ló ń ṣe é. Bàbá Táyé ní ibẹ̀ yẹn ni òun ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Ádírẹ́nà yìí, méjì ni, wọ́n dé orí kíndìnrín bí fìlà. Wọ́n kéré, àmọ́ iṣẹ́ wọn pọ̀. Àwọn ló ń ṣe kọ́tísọ́ọ̀lù, èyí tí ara fi ń dìde láàárọ̀, tó fi ń gba ìyà nígbà àìsàn, tí ìfúnpá àti ṣúgà fi ń dúró. Àwọn náà ló ń ṣe èyí tó ń di iyọ̀ mú kó má bá ìtọ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń lá mágí: ara ń wá iyọ̀ tó ń jò lọ. Àwọn ọmọ ogun tó ba táírọ́ìdì mi jẹ́ kò dúró síbẹ̀, wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi fìlà, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti wà níbẹ̀.

Oògùn tí mo ń lò wá ńkọ́? Ohun tó yẹ kí Bùnmi gbọ́ gan-an nìyí. Fojú inú wo ìkòkò ẹ̀wà lórí iná. Táírọ́ìdì ni ẹni tó ń koná, kọ́tísọ́ọ̀lù ni omi inú ìkòkò. Iná mi ti ń kú lọ, omi inú ìkòkò náà kò ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ, àmọ́ nítorí pé iná kò lágbára, ẹ̀wà kò tíì jó. Wọ́n wá fún mi ní oògùn táírọ́ìdì, wọ́n koná. Kò burú, iná jó. Omi díẹ̀ tó kù gbẹ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Oògùn táírọ́ìdì máa ń jẹ́ kí ara tètè lo kọ́tísọ́ọ̀lù tán ni. Tí ádírẹ́nà bá pé, yóò ṣe òmíràn sí i. Tèmi ò lè ṣe é. Torí náà, tí méjèèjì bá bàjẹ́, omi ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bù sí ìkòkò kí wọ́n tó koná. Mi ò bínú sí hóró yẹn o. Òun ni mo ṣì ń lò báyìí, ó sì ń ṣe mí lóore. Àìtò rẹ̀ ló fẹ́ pa mí.

Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ haidrokọ́tísọ̀n, 100 miligíráàmù, wọ́n fa omi oníyọ̀ sí mi lára. Nígbà tí ilẹ̀ fi mọ́, mo ti jókòó, mo ń bi wọ́n bóyá wọ́n ní àkàrà. Ilé ìwòsàn òyìnbó! Búrẹ́dì gbígbẹ ni wọ́n gbé wá, mo sì jẹ ẹ́ bí ẹni jẹ ìyán.

Dúdú yẹn ńkọ́? Ẹ̀yà kékeré kan wà nísàlẹ̀ ọpọlọ, kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Òun ló ń ránṣẹ́ sí ádírẹ́nà pé kó ṣiṣẹ́. Tí kò bá rí èsì, yóò tún ránṣẹ́, yóò tún rán, bí ìyá tó ń pe ọmọ tó ti sá lọ síbi bọ́ọ̀lù. Ohun tó fi ń ránṣẹ́ yẹn, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n pẹ̀lú èyí tó ń pa awọ ara láró. Bí ìpè bá ṣe ń pọ̀ sí i ni aró ń pọ̀ sí i. Lára òyìnbó, wọ́n á ní ó jọ ẹni tó ti etíkun dé. Lára èmi àti ìwọ, àtẹ́lẹwọ́, èrìgì, ahọ́n, ojú àpá ni kí wọ́n wò. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Ẹni mẹ́ta ló ti rí mi kí ọmọ yẹn tó dé, lójú wọn dúdú ni dúdú. Kò sí ẹni tó bèèrè pé irú dúdú wo.

Ṣé o rántí fọ́tò Kennedy, ààrẹ Amẹ́ríkà ìjọ́sí, tí Bàbá yín gé nínú kàlẹ́ńdà, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri pálọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Awólọ́wọ̀? Èmi àti ọkùnrin yẹn, àìsàn kan náà ni. Má rẹ́rìn-ín. Ní 1947, nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di aṣòfin, ó wá sí London níbí, ó ṣàìsàn, ibí ni wọ́n ti sọ fún un pé ádírẹ́nà rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Inú ọkọ̀ ojú omi tó gbé e padà ni àlùfáà ti ta òróró sí i lórí bí wọ́n ti ń ṣe fún ẹni tó ń kú lọ. Ní 1954 wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un lẹ́yìn, ó tún kù díẹ̀ kó kú. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn dókítà gbé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ náà sínú ìwé wọn láìdárúkọ, wọ́n ní ọkùnrin ẹni ọdún 37 kan. Nígbà ìbò 1960, àwọn èèyàn rẹ̀ ń sẹ́ pé kò sóhun tó jọ ọ́. Táírọ́ìdì rẹ̀ náà kò sì lágbára. Ó di 2009 kí dókítà ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà kan, Lee Mandel, tó kọ ọ́ pé méjèèjì kì í ṣe àìsàn méjì, orísun kan ni. Eunice àbúrò rẹ̀ obìnrin náà ní ti ádírẹ́nà. Bẹ́ẹ̀ ni àwa ń wo ojú rẹ̀ lórí ògiri, tí à ń sọ pé arẹwà ni, pé awọ rẹ̀ ń dán!

Ọkùnrin ará Jámánì kan, Schmidt, ti rí i tipẹ́, ní 1926, lára ẹni méjì tó kú, pé táírọ́ìdì àti ádírẹ́nà wọn ló jọ bàjẹ́ pọ̀. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti Edward Kendall ní Mayo Clinic, Amẹ́ríkà. Ọjọ́ Kérésì 1914, tí àwọn ẹlòmíràn ń jẹ tọkí, ló yọ ohun tí táírọ́ìdì ń ṣe jáde ní mímọ́. Ọkùnrin yìí kan náà ló tún kọjú sí ádírẹ́nà, òun pẹ̀lú Hench àti Reichstein gba ẹ̀bùn Nobel ní 1950 nítorí kọ́tísọ̀n, ìbátan oògùn tí mò ń lò. Ọkùnrin kan ṣoṣo wà nídìí méjì nínú oògùn mi. Mo máa ń kí i láàárọ̀ kí n tó gbé e mì.

Bọ́ọ̀sì tí mò ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ń gba ìtòsí London Bridge, ibẹ̀ ni Guy's Hospital wà, níbi tí Thomas Addison ti ṣiṣẹ́. Òun ló kọ́kọ́ kọ̀wé nípa àìsàn ádírẹ́nà yìí ní 1855, lára ẹni 11. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ló ba ti púpọ̀ nínú wọn jẹ́, ó sì ṣì lè ṣe bẹ́ẹ̀ nílé lọ́hùn-ún. Èmi ò wúkọ́ rárá, ogun inú ilé ni tèmi.

Jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ Bùnmi, kí ẹ̀rù má bà á láìnídìí. Nínú àwọn tí ogun inú ara ba ádírẹ́nà wọn jẹ́, nǹkan bí ìdajì ni táírọ́ìdì wọn náà ń dàrú. Àmọ́ nínú ọ̀pọ̀ èèyàn tí táírọ́ìdì wọn dàrú, díẹ̀ kíún ni tiwọn ń dé ádírẹ́nà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé oògùn rẹ̀ ni kò tíì tó, tàbí pé ó ń fi tíì gbé e mì, o mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bá mi bi í: ṣé ó ń rù ni? Ṣé iyọ̀ ń wù ú? Ṣé òòyì ń kọ́ ọ tó bá dìde? Ṣé ó ń bì? Kó la ọwọ́ rẹ̀, kí ìwọ fúnra rẹ wò ó, kí o fi wé ti ọdún méjì sẹ́yìn nínú fọ́tò. Tí ọ̀kan nínú rẹ̀ bá jọ ọ́, kó má fúnra rẹ̀ dá oògùn dúró o. Kó padà sọ́dọ̀ dókítà, kó ní kí wọ́n wo kọ́tísọ́ọ̀lù òun, láàárọ̀ kùtù ni wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ yẹn. Nígbà mìíràn wọ́n á fún un lábẹ́rẹ́ kan láti jí ádírẹ́nà, wọ́n á tún gba ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn 30 ìṣẹ́jú, bóyá ó dáhùn. Tó bá wá di pé ó ń bì tí kò lè dìde, kí ẹ má dúró de àárọ̀, kí ẹ gbé e lọ lóru náà.

Àti ìwọ! Ṣé o rò pé mo ti gbàgbé oògùn ìsanra tí o rà nínú mọ́tò Ìlọrin lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń pariwo pé òun ń wo jẹ̀díjẹ̀dí, àtọ̀gbẹ àti àìrọ́kọfẹ́? Tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ wú bí puff-puff láàárín oṣù kan, tí inú rẹ ń dùn? Mo ti wá mọ̀ pé irú àwọn hóró bẹ́ẹ̀, dẹ́sà (dexamethasone) ló sábà máa ń wà nínú wọn, ọmọ ilé kan náà pẹ̀lú kọ́tísọ́ọ̀lù. Wọ́n tún ń pò ó mọ́ àgbo, irú rẹ̀ sì wà nínú kíríìmù tí àwọn kan fi ń bó ara. Tí èèyàn bá ń lò ó pẹ́, ádírẹ́nà á rò pé iṣẹ́ ti tán, á lọ sùn. Tó bá wá dá a dúró lójijì, kò sẹ́ni tó máa ṣiṣẹ́. Ìyẹn kì í ṣe irú tèmi, torí ádírẹ́nà tó sùn lè jí, tèmi kò lè jí mọ́, àmọ́ ìṣubú kan náà ni. Aǹtí tó ń ta kíríìmù ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà yín, bá mi fọgbọ́n sọ fún wọn. Tí wọ́n bá bú ọ, mi ò sí níbẹ̀ o.

Ara mi ti ń yá báyìí. Lójoojúmọ́, 10 miligíráàmù haidrokọ́tísọ̀n tí mo bá jí, 5 lọ́sàn-án, 5 nírọ̀lẹ́, hóró kékeré kan tó ń di iyọ̀ mú, àti ti táírọ́ìdì. Tí ibà bá mú mi, màá lo ìlọ́po méjì. Tí mo bá ń bì, abẹ́rẹ́ ni, lẹ́yìn náà ilé ìwòsàn. Mo ní káàdì nínú pọ́ọ̀sì tó sọ bẹ́ẹ̀, Táyé sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gún un. Orí ọsàn ló ti kọ́ ọ, kò sí ọsàn tí kò gún nílé yìí. Ààwẹ̀ aláìmomi ti di ọ̀rọ̀ àná, pásítọ̀ ti gbà, àwọn ìyá ìjọ kan ṣì ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ jẹ́ kèfèrí.

Ní December, bí Ọlọ́run bá fẹ́, mò ń bọ̀. Màá gbé abẹ́rẹ́ mi sínú báàgì ọwọ́, torí náà tí àwọn aṣọ́bodè bá dá mi dúró, ìwọ ni màá pè. Bá mi tọ́jú irú wóró, kí o sì sọ fún Màámi pé kí wọ́n pa àdìrẹ kan mọ́ fún mi, ẹlẹ́kọ, kó fẹ̀ dáadáa, ìdí mi ń padà bọ̀. Fi fọ́tò àtẹ́lẹwọ́ Bùnmi ránṣẹ́ sí mi lónìí, kí o tó tún ránṣẹ́ ẹ̀rín mìíràn.

Èmi ni tìrẹ,
Ọ̀rọ̀bọ̀tọ̀